Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Pẹ́ ní Ìdásẹ̀n: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ NYSC

Sí Olùdarí Àgbà àjọ àgùnbánirọ̀, NYSC, ní Àbújá. Sí àwọn aláṣẹ àjọ náà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àti sí gbogbo bàbá àti ìyá tó ń wá ẹni tí yóò bá wọn yí ìwé ọmọ wọn padà.



Nígbà tí ọjọ́ 21 bá pé ní àgọ́ Ìkàrẹ́-Àkókó, tí wọ́n bá pín ìwé ibi iṣẹ́ fún àwọn àgùnbánirọ̀, ìṣesí oríṣi méjì ló máa ń wà lórí pápá kan náà. Ẹni tí wọ́n fi sí Àkúrẹ́ ń fò sókè bí ẹni tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù wọlé. Ẹnì kejì dúró gbagidi, ó yí ìwé náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó wá bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Níbo ni wọ́n ń pè ní Ìdásẹ̀n?" Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ò mọ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó dé Ọ̀bà-Àkókó, ọmọ náà ti pe ilé ní Èkó. Kó tó wọ Ọ̀wọ̀, bàbá rẹ̀ ti rántí pé òun ní ọ̀rẹ́ kan tó mọ ẹnì kan ní Àbújá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni lẹ́tà yìí bá wá, àti ọ̀rọ̀ Ìdásẹ̀n tí kò tíì fojú rí tó ti fẹ́ sá kúrò níbẹ̀.

Ìdásẹ̀n kò tóbi, kò sì díbọ́n pé òun tóbi. Ó wà létí ìlú Ọ̀wọ̀, níbi tí ọ̀nà tó lọ sí Ùtè ti ń fi ìgboro sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó ń wọ inú oko lọ. Lójú ọ̀nà yẹn ni Yunifásítì Achievers wà láti ọdún 2007, nítorí náà àwọn ará ibẹ̀ ti mọ ojú ọ̀dọ́ tó gbé báàgì sẹ́yìn tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú yóò rí kòkó, yóò rí ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò sì bọ́ sí ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, tí oríkò rẹ̀ wà ní Ìfọ́n. Ẹni tó ń wá ilé sinimá kó má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn ibẹ̀ gùn ju títì rẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé àwọn baba ńlá Ìdásẹ̀n, lábẹ́ olórí wọn, Alálẹ̀, ti wà lórí ilẹ̀ náà kí Ojùgbẹ̀lú tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ dé. Ojùgbẹ̀lú yìí kan náà ni ìtàn sọ pé ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ àti bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn ló sọ ọ́ di Ọlọ́wọ̀, tí ìlú fi gba orúkọ ọ̀hún. Ẹ jẹ́ ká tún un gbé yẹ̀ wò: ìlú tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ lórúkọ, àlejò ló gbé orúkọ náà wọlé, onílé sì ti wà níbẹ̀ tó yẹ̀ fún un pé kó jókòó. Ìdásẹ̀n ti ń gba àlejò kí ẹnikẹ́ni tó rán aṣọ kákí.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ náà sì ti ṣe àlejò rí. Ìtàn ààfin ń sọ nípa ọmọ ọba kan, Òṣógboyè, tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní ààfin Ọba Ìbíní kó lè kọ́ ìṣe àti ètò ibẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tó padà wá jọba, ní nǹkan bí ọdún 1600, kò dá wá: oyè, aṣọ, ìlànà ààfin, ó kó wọn bọ̀, títí dòní olónìí ughà sì ni Ọ̀wọ̀ ń pe àgbàlá ààfin, ọ̀rọ̀ tó ti Ìbíní wá. Ààfin yẹn ni ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2000 pé ó jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé Òṣógboyè ni àgùnbánirọ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, àfi pé kò gba owó oṣù, bàbá rẹ̀ ò sì mọ ẹnì kankan ní Àbújá.

Àmọ́ ìtàn tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún àgùnbánirọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé ni ti Ọ̀rọ́nsẹ̀n.

Olorì ni, ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n. Kì í ṣe ọmọ ìlú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé kì í ṣe ènìyàn lásán. Nígbà tó fẹ́ wọlé ọba, ó ka èèwọ̀ rẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ lọ ilá lójú òun, ẹni tó ru igi ti oko dé kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀ gbì níwájú òun, wọn ò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá. Èèwọ̀ mẹ́ta péré, kò sì sí èyí tó ṣòro nínú wọn fún ẹni tó bá fẹ́ bá ènìyàn gbé. Wọ́n pa á mọ́ títí ọjọ́ kan tí ọba ò sí nílé. Àwọn orogún fi ẹnu kò, wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà dìde, ó jáde. Wọ́n sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fà á ní igbó tí wọ́n ń pè ní Igbó Lájà, ọ̀já orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀; kò bojú wẹ̀yìn. Ní igbó yẹn gan-an ni awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo ti walẹ̀ ní 1971, tó hú àwọn ère amọ̀ jáde, orí ènìyàn tí ojú wọn fẹ́ jọ ti Ifẹ̀, tí àwọn onímọ̀ sì ṣírò ọjọ́ orí wọn sí nǹkan bí ọ̀rúndún 15.

Kí ni ìlú ṣe lẹ́yìn tí olorì lọ? Ó sọ ẹ̀bẹ̀ di ọdún. Ọdún Igogo nìyẹn, ọjọ́ 17, lóṣù Kẹsàn-án. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, a kì í lu ìlù, agogo irin nìkan ló ń dún. Ọkùnrin ò ní dé fìlà, obìnrin ò ní wé gèlè, wọn ò ní yin ìbọn. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ yóò dirun bí obìnrin, yóò wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn bora, yóò sì jó káàkiri lójú gbogbo ayé. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń wá ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ní àṣà tó rẹwà ni. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó wò: àjèjì kan ni wọ́n fojú di nínú ilé, ó bínú lọ, ọba wá ń múra bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ lọ́dọọdún kí ọ̀rọ̀ náà má baà di ìgbàgbé. Ìlú tó bá ń rántí báyìí mọ ohun tí àlejò jẹ́ ju bí ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń pín ní àgọ́ ti lè kọ́ ni. Bí ọmọ Èkó kan bá gbé fìlà àgùnbánirọ̀ rẹ̀ sórí lọ wo Igogo, kò sẹ́ni tí yóò lù ú, ìyá àgbà kan ni yóò rọra sún mọ́ ọn tí yóò ní, "Ọmọ mi, ṣí i." Yóò ṣí i. Yóò béèrè ìdí. Láti ibẹ̀ lọ, kì í ṣe èrò ọ̀nà mọ́.

Ọdún ò sì ju ọjọ́ 17 lọ. Ojoojúmọ́ ni ìlú kékeré ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára ènìyàn, iṣẹ́ náà kì í sì í yá.

Ẹ mú ọmọ kan tó dàgbà ní Surulere. Ó dé Ìdásẹ̀n pẹ̀lú àpótí kan àti fóòmù tí wọ́n ká. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyá onílé gbé iyán àti ọbẹ̀ wá fún un. Ó ní "ẹ ṣeun mà," ó jẹun, ó fọ abọ́, ó dá a padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní "ẹ káàárọ̀ mà," ó sì kọjá lọ. Ìyá náà dáhùn, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti ka nǹkan kan. Nínú Yorùbá, ìgbà méjì là ń dúpẹ́. "Ẹ ṣeun" ti òní ni ti ẹni tí ebi ń pa. "Ẹ ṣeun àná" ti ọjọ́ kejì ni ti ẹni tó sùn, tó jí, tó sì rántí. Èkó ti gé èkejì kúrò, kì í ṣe pé àwọn ará Èkó burú. Ẹni tó ṣe wọ́n lóore lánàá ni wọn ò ní rí lónìí. Ó ti wọ ọkọ̀ mìíràn lọ. Ní Ìdásẹ̀n, ẹni tó bá fún ọ ní omi mu lálẹ́, òun náà ni wàá bá pàdé nídìí kànga láàárọ̀, òun ni ìyá ọmọ tí ò ń kọ́ ní kíláàsì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni alájọ tó ń gba owó rẹ lójoojúmọ́, àbúrò rẹ̀ ló ń gbé ọ lórí ọ̀kadà. O ò ríbi gbà tí o ò ní dúpẹ́.

Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ Surulere tó mọ̀ pé òun ń jẹ gbèsè "ẹ ṣeun àná". Ó lè gba oṣù méjì kó tó máa sọ ọ́ láìrò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ kò lè fi èyí sí inú ètò àgọ́, ẹ ò lè fi bọ́ọ̀sì gbé e dé Ìkàrẹ́. Kìkì kí ènìyàn pẹ́ lójú kan ló ń mú un wá, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìyípadà ibi iṣẹ́ fi ń dun ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá.

Ẹnì kan á ní ṣé nítorí kíkí ni wọ́n ṣe dá àjọ sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1973 ni ìjọba Gowon gbé òfin NYSC jáde, kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí ogun abẹ́lé parí. Ohun tí wọ́n ń wá kò fara sin: kí ọmọ ibì kan lọ jẹun nínú abọ́ ibòmíràn, kó má baà rọrùn fún un mọ́ láti yìnbọn sí wọn. Ní 2012, ìjọba tún là á pé iṣẹ́ olùkọ́, ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ohun amáyédẹrùn ni kí wọ́n máa rán àwọn ọmọ lọ ṣe, pàápàá ní ìgbèríko. Bí gbogbo ẹni tó ní ọ̀nà bá wá padà sí Èkó àti Àbújá, ta ló ṣẹ́kù tí yóò bá ta ni jẹun? Àwọn tí kò ní ọ̀nà. Iṣẹ́ ìsìnlú ti di ìyà ọmọ tálákà nìyẹn, òfin 1973 ò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Láti 2025, ₦77,000 ni ìjọba àpapọ̀ ń san fún àgùnbánirọ̀ lóṣù, dípò ₦33,000 tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye tí yàrá kan ń jẹ ní Yaba mọ ibi tí owó yẹn yóò ti parí. Ní etí Ọ̀wọ̀, níbi tí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ti oko wá láìgun ọkọ̀ ọlọ́nà jíjìn, ó ń ku nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbàgbọ́ ni kí á dé. Àwọn òbí kan rò pé ọmọ àwọn yóò sọ Ọlọ́run nù ní abúlé, àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé yóò rí I jù. Àwọn àgùnbánirọ̀ Kristẹni ní ẹgbẹ́ wọn, NCCF, tó máa ń ní ilé tí wọ́n ń pè ní ilé ẹbí. Níbẹ̀, ọmọ ọdún 24 ni "Papa", ẹgbẹ́ rẹ̀ obìnrin ni "Mama", àwọn méjèèjì sì ń fi ojú àgbà bá ọmọ ọdún 23 wí pé kò fọ ìkòkò. Àwọn Mùsùlùmí ní MCAN, pẹ̀lú Ámírù wọn, ilé gbígbé wọn náà sì ń gba ọmọ tuntun tí kò tíì ríbi sùn. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbàdúrà ní Èkó nítorí pé ilé àwọn òbí rẹ̀ ń gbàdúrà, ilé yìí ló ti kọ́kọ́ dá jí lóru fúnra rẹ̀. NCCF tún máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ àwọn abúlé tó jìnnà lọ wàásù. Bí wọ́n bá ń dé, ẹsẹ̀ wọn á pupa fún erùpẹ̀, ohùn wọn á ti há. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn.

Wọ́n á sì bá ìgbàgbọ́ mìíràn pàdé nínú ìlú, èyí tí kò pariwo. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhaji kí àbúrò jẹ́ díákónì, kí wọ́n jọ jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì lórí ẹní kan náà. Ọmọ tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀sìn pààlà yóò kọ́kọ́ rò pé wọn ò fi ọwọ́ gidi mú un. Tó bá pẹ́, yóò rí i pé wọ́n fi ọwọ́ gidi mú un gan-an. Ẹbí nìkan ni wọn ò jẹ́ kó tú.

Ẹni tó bá wá ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ní Ọ̀wọ̀ tí kò dárúkọ ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ó ń tan àwọn òbí jẹ ni. Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Àwọn agbébọn ya wọ Ìjọ Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀ bí ìsìn ti ń parí lọ, wọ́n fi ohun abúgbàù àti ìbọn pa ènìyàn tó tó 40, ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n sáré gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC, àti sí St. Louis. Àwọn ará ìlú tò láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ike kì í ní orúkọ ìjọ lára. Ní ọjọ́ 17 oṣù yẹn kan náà, wọ́n to pósí kalẹ̀ fún ìsìn ìsìnkú, Bíṣọ́ọ̀bù Emmanuel Badejo ti Ọ̀yọ́ ló wàásù. Nígbà Àjíǹde ọdún 2023, àwọn ọmọ ìjọ náà padà sínú ilé ìjọsìn wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2025, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS gbé ọkùnrin márùn-ún wá sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kò tán síbẹ̀. Lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ́n, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ka, ni wọ́n ti yìnbọn pa Olúfọ́n, Ọba Adégòkè Adéùsì, ní oṣù Kọkànlá 2020. Àwọn òbí sì rántí Giade ní Bauchi, lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹrin 2011, níbi tí wọ́n ti pa àgùnbánirọ̀ 10. Ìyá tó bá gbọ́ gbogbo èyí tó sì sọ pé ọmọ òun ò lọ, ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ò ní bá a jà. Òun náà lọ́mọ.

Ohun tí akọ̀wé yìí fẹ́ kí ẹ̀yin aláṣẹ gbọ́ ni pé ẹ̀rù àti ìlú kékeré kì í ṣe nǹkan kan náà. Ewu wà lójú ọ̀nà tó dá, ó wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ sí ahéré tó dá dúró nínú igbó nítorí pé àyè ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi í sáàárín ilé. Ẹ jẹ́ kí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, mọ iye àgùnbánirọ̀ tó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan àti ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹ fi òfin dè é pé wọn ò gbọdọ̀ rin ọ̀nà Ìfọ́n lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ́ lè kọ́ ilé gbígbé àgùnbánirọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ènìyàn wà, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ dára, kí iná wà lójúde rẹ̀. Ọmọ tó ti gbé Ìdásẹ̀n fún oṣù mẹ́rin, bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn ò rí i, ẹnì kan yóò béèrè rẹ̀. Ní ilé alájà mẹ́fà ní Lekki, ó lè ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹni ìkángun rẹ̀ tó mọ̀.

Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ wa ń rọ́ lọ, yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ní oṣù Kìíní 2018. Mínísítà! Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London àti Houston ti mọ àrùn náà kí ìjọba tó fún un lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń háyà gbọ̀ngàn lóṣooṣù, tí wọ́n ń dáwó, tí wọ́n ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń se iyán elélùbọ́ tí kò dà bí iyán, kí wọ́n lè rí fún wákàtí mẹ́rin ohun tí ọmọ tó ń sunkún ní Ìkàrẹ́ ń sá fún.

Èyí tó tún kù ni ọ̀rọ̀ àwọn bàbá tó ń sọ pé ìlú kékeré yóò fi ìwé ọmọ àwọn ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká sọ ti Michael Adékúnlé Ajásin. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, wọ́n bí i ní 1908. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó tún lọ kàwé olùkọ́ ní London. Ní 1947, nígbà tí ẹni tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè gba iṣẹ́ níbikíbi, ó padà wá ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Imade College, Ọ̀wọ̀. Ó lo ọdún 15 níbẹ̀. Nígbà tó kúrò, kò lọ jìnnà: Owo High School ló dá sílẹ̀, ní Ọ̀wọ̀ kan náà, ní 1963.

Ṣé ayé wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀? Ayé ló wá a wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1951, Ọ̀wọ̀ ni Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá fi ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group lọ́lẹ̀ ní gbangba, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Èkó. Ọwọ́ Ajásin, olùkọ́ ìlú kékeré, ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà ti jáde, èyí tó bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ní oṣù Kìíní 1955. Kí ló fà á tó fi lè kọ ọ́? Akọ̀wé yìí ò mọ inú òkú, ṣùgbọ́n ó lérò pé ẹni tó ń rí ojú àwọn ọmọ tí kò rówó ilé ìwé san lójoojúmọ́, tó mọ orúkọ bàbá wọn, tó mọ oko tí wọ́n ń ṣe, kò ní pẹ́ kó tó gbé kálámù. Ní 1979, ó di gómìnà àkọ́kọ́ tí aráàlú ìpínlẹ̀ Oǹdó dìbò yàn. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Àkùngbá, lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì àwọn àgùnbánirọ̀ máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti Ìkàrẹ́. Wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá wọn lórí fóònù.

Gbogbo ọmọ tí wọ́n rán sí Ìdásẹ̀n kò ní di Ajásin, a ò sì retí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn yóò kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún iyán tí kò ní kókó. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìgbèríko ló sì wà nílẹ̀ yìí tó jẹ́ pé àgùnbánirọ̀ nìkan ni wọ́n ní láti fi kọ́ físíìsì tàbí ìṣirò. Ọjọ́ tó bá yí ìwé rẹ̀ padà, kíláàsì di ibi eré. Àwọn ọmọ náà kì í kọ lẹ́tà sí Àbújá.

Ohun tí lẹ́tà yìí ń tọrọ lọ́wọ́ àjọ kò gba owó. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ má gba ìwé ìyípadà kankan wọlé kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí ọmọ bá ti dé ìlú tí wọ́n rán an sí. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹ yọ ọ́ lára òfin yìí. Obìnrin tó ní ọkọ níbòmíràn, ẹ yọ ọ́. Ibi tí ìbọn bá ti ń dún, ẹ yọ gbogbo wọn kíákíá, ẹ má dúró de ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn sọ pé òun ò mọ ibẹ̀, ibẹ̀ náà ò tíì mọ òun. Ẹ fún àwọn méjèèjì ní àyè.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ gbé fóònù kalẹ̀ díẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Ìyá onílé tó gbé iyán wá fún ọmọ yín lọ́jọ́ kìíní lè jẹ́ pé àwìn ló fi ra ẹja inú ọbẹ̀ yẹn, bí ọmọ yín bá sì kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kejì, yóò san gbèsè náà láìrí ẹni tó jẹ ẹ́.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì bá tún sọ̀ kalẹ̀ láti Ìkàrẹ́, ìwé ìyípadà ọmọ kan yóò ti ṣáájú rẹ̀ dé orí tábìlì yín. Ẹ fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ní ọjọ́ 90, ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ pè é, ẹ bi í bóyá ó ṣì fẹ́ lọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ buwọ́ lù ú, kó máa lọ láìsí ìjà. Àmọ́ kí ẹ tó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyá onílé rẹ̀ láàárọ̀, kó kí i pé ẹ ṣeun àná.